Àmín Tó Fẹ́ Gbé Kọ́lá Kọjá Omi

Ọdún tí yìnyín bo ìlú yìí mọ́lẹ̀ ni mò ń sọ, ọdún tí ọkọ̀ ojú irin dúró gbagidi, tí gbogbo àwọn tó sọ pé ẹsẹ̀ àwọn ò lè gbé àwọn dé ibi iṣẹ́ nínú yìnyín sì fi ẹsẹ̀ kan náà rìn dé ṣọ́ọ̀bù lọ ja búrẹ́dì. Mofẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú kọ̀ǹpútà, béèrè pé ọdún wo gan-an ni. Mo ní kó kọ búrẹ́dì. Ẹni tó bá wà ní Balbriggan, ní Ireland níbí, nígbà náà kò ní gbàgbé bí àwọn èèyàn iyì ṣe ń di búrẹ́dì mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà ọdún ṣe? Ìgbà èwe Mofẹ́ fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ o. Òun ló ní kí n sọ bí ilé wa ṣe rí, torí pé páálí nìkan lòun rántí nínú ọdún náà, páálí ńláńlá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí òun àti Tiwa àbúrò òun fi kọ́ ilé. Kò burú. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ló ti yọ nígbà náà, bóyá ibẹ̀ ni ìrántí yòókù gbà jáde.

Ilé náà kò jìnnà sí òkun. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwọn àwo inú présì á máa gbọ̀n. Présì ni àwọn ará ìlú yìí ń pe kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwo sí, mo sì ti bá wọn pè é títí ó fi di tèmi. Ohun kejì tí kì í dákẹ́ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kọ́lá ọmọ mi, bàbá Mofẹ́, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní àárín ìgboro Dublin. Orúkọ iṣẹ́ náà gùn, ó sì máa ń dùn létí tí rédíò bá ń pè é, àmọ́ ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti bàjẹ́, àwọn ọ̀gá sì ń ṣèpàdé lé e lórí láti ọdún tó kọjá, nítorí náà akọ́nimọ̀ọ́gbá á di jẹ́sì gbogbo ẹgbẹ́ sínú àpò ọ̀rá dúdú, á gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin bí ẹni tó lọ ra ẹja ní èbúté, á sì gbé e wá fún ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ Mofẹ́ ni kó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kó máa so ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ ní méjì méjì. Iṣẹ́ Tiwa ni kó máa tú wọn ká. Èmi ni mò ń sá jẹ́sì sórí rádíétọ̀, títí pálọ̀ á fi dà bíi pé gbogbo àwọn ọmọ náà bọ́ra sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n sì sá lọ. Òórùn ẹrẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú òórùn ọbẹ̀ ata, òórùn ìgbà èwe rẹ nìyẹn, Mofẹ́. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbí òdòdó lo fẹ́ kí n sọ?

Kọ́lá ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté Dublin Port. Nígbà tó fi í sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, ẹbí káwọ́ lérí. Bàbá Ṣakí, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ mi, ni olórí ẹbí wa. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ló máa ń pè wá lórí fóònù, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í yí padà: ṣé Kọ́lá ti ríṣẹ́? Kọ́lá á ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, sà. Bàbá á ní òun mọ̀ pé ó ń bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣeré, iṣẹ́ lòun ń bi í. Fúnmi ìyàwó Kọ́lá ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyẹn níṣẹ́ lọ́wọ́, gbogbo ẹbí sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kí i kú iṣẹ́ títí ẹnu á fi gbẹ wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ti jẹun.

Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ lórí òrùlé ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kan ní England pe Kọ́lá. Wọ́n ti rí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n fẹ́ kó wá ṣe olórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn. Pápá tí kò ní ẹrẹ̀, ọ́fíìsì tó ní ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kó lọ rò ó. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Fúnmi kò lè já iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójijì, àwọn ọmọ sì wà ní iléèwé, nítorí náà tí Kọ́lá bá gbà, òun nìkan ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò máa wọ ọkọ̀ ojú omi dé Dublin Port wá kí wa nílé nígbà tí ìdíje bá fún un láyè. Ọdún kan, bóyá méjì, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ á máa rí bàbá wọn nínú fóònù bí wọ́n ṣe ń rí Bàbá Ṣakí, iwájú orí àti ihò imú.

Tó bá jẹ́ Òyìnbó ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ á jókòó, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á jà sí i, ó tán. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa ní ẹ̀kọ́ ilé. Kọ́lá kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún Bàbá Ṣakí pé àwọn kan pe òun láti England ni, bàbá ti ní kí á di ojú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fẹ́ lọ. Ó gbàdúrà sórí ọkọ̀ ojú omi, ó gbàdúrà sórí ọ́fíìsì, ó dojú ìjà kọ àwọn ọ̀tá Kọ́lá tó wà ní England, àwọn tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Fóònù wà lórí tábìlì láàárín ìrẹsì àti dòdò, gbogbo wa yí i ká bí ẹni ń yáná. Ó ní, “Ìrìn àjò yìí, ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire.” Kí la fẹ́ ṣe? A ṣe àmín. Kọ́lá ṣe é torí pé Fúnmi ṣe é. Fúnmi ṣe é torí pé mo ṣe é. Èmi ṣe é torí pé àgbàlagbà ló ń gbàdúrà, ta ló ń sọ fún àgbàlagbà pé kó dúró ná? Tiwa pariwo tiẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ, torí ó mọ̀ pé ẹ̀yìn àmín ni oúnjẹ. Kí dòdò náà tó tutù, ìròyìn ti kan gbogbo ẹbí láti Ṣakí dé Houston pé Kọ́lá ń lọ sí England. Wọ́n ní ó ti ríṣẹ́ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín.

Láti ọjọ́ yẹn ni tọkọtaya náà ti ń ṣe ara wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin dání. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà ní ìdáná, mò ń lọ ẹ̀wà àkàrà, Fúnmi ti ibi iṣẹ́ dé, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù. Ó fẹ̀yìn ti présì, ó ní, “Màmá, ṣé Dádì Mofẹ́ bá yín sọ nǹkan kan?”

Mo ní nípa kí ni.

“Ìrìn àjò yẹn. Inú rẹ̀ dùn sí i, àbí? Màmá, èmi ò fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá ní kó má lọ, wọ́n á ní ìyàwó ló dè é mọ́lẹ̀, òun náà á sì gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé mo sọ ọ́.”

Mo ní èmi kẹ̀? Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gun òkè lọ. Ẹ̀wà kò tíì kúnná tí Kọ́lá fi wọlé, àpò ọ̀rá dúdú léjìká, ó kọ́kọ́ na ọrùn wo àtẹ̀gùn bóyá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni Mọ́mì Mofẹ́ ń sọ. Mo ní ó ní ata wọ́n.

“Ó ti ń lálàá England, mo mọ̀. Ó sì tọ́ sí i, Màámi, ó ti fara da ẹrẹ̀ yìí tó. Èmi ò fẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bọ́ọ̀lù ni, Tiwa ò tíì mọ okùn bàtà so. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ̀ ọ́, ó máa rò pé mo fẹ́ràn ẹrẹ̀ ju òun lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ o.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo dojú kọ ẹ̀wà mi.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́. Ní agbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn, bàbá mi kì í bá ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ tó lágbára lójúkojú. Á dúró lẹ́yìn fèrèsé, á wúkọ́. Ikọ́ kan wà tó túmọ̀ sí pé oúnjẹ ti pẹ́, òmíràn wà tó túmọ̀ sí pé àlejò wà níta kí a bu omi sí ọbẹ̀. Ọmọ odó ni ìyá mi fi máa ń dá a lóhùn. Tí inú bá ń bí i, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ pé iyán òní á kúnná. Àwa ọmọ la máa ń ru ọ̀rọ̀ tó bá kù láàárín wọn, òfin sì wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n rán ọ ni kó o sọ, èyí tí wọn ò rán ọ, o ò gbọ́ ọ. Èékánná ni ìyá mi fi kọ́ mi ní òfin yìí, lábẹ́ apá, níbi tí àlejò kò ti ní rí àpá rẹ̀. Mi ò rí ẹnu ọ̀nà iléèwé, àmọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí, mo gboyè. Mo gbé oyè náà wọ bàálù, mo gbé e dé Balbriggan, ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò ní pápá ọkọ̀ òfúrufú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fúnmi kó páálí wálé láti ibi iṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń kó ìlédìí àwọn arúgbó wá. Ó fẹ́ kí ọkọ òun rí i pé òun kò ṣorí kunkun. Kọ́lá rí páálí, ó rò pé ìyàwó òun ti ń kánjú, ló bá pe àwọn ará England pé òun ń bọ̀ tí ìdíje ọdún náà bá parí. Wọ́n ní kò burú, ìwé tó máa fọwọ́ sí ń bọ̀ lọ́nà. Fúnmi gbọ́ pé ó ti pè wọ́n, ó lọ kó páálí sí i. Ẹ wo ìfẹ́. Èèyàn méjì tí kò sí èyí tó fẹ́ rìnrìn àjò nínú wọn, wọ́n ń sáré di ẹrù kí inú ẹnìkejì má baà bàjẹ́. Èmi tó wà láàárín wọn dà bí ọ̀kan nínú àwọn páálí náà, wọ́n ti kó ẹrù sí mi nínú, wọ́n sì ti fi téèpù lẹ̀ mí lẹ́nu.

Mofẹ́ àti Tiwa nìkan ni inú wọn dùn. Wọ́n to páálí jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí a ò fi rí ẹnu ọ̀nà mọ́, wọ́n sọ ara wọn di onílé. Tiwa ń lé gbogbo ayé jáde nínú ilé tiẹ̀. Mofẹ́ fi bírò ya fèrèsé àti kọ́tìnì sára páálí tó tóbi jù, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ibí ni Dádì á máa sùn tó bá fi ọkọ̀ ojú omi wá kí àwọn. Fúnmi ní kọ́tìnì náà dára púpọ̀. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí omi ẹ̀rọ, omi náà sì ń dà, ó ń dà. Mo bi Mofẹ́ nísinsìnyí pé kí lo rò nígbà náà. Ó ní òun rò pé Mọ́mì ń fọ jẹ́sì ni.

Nígbà tí ó ku ìdíje kan ṣoṣo, Kọ́lá ní kí gbogbo wa wá wo òun lẹ́nu iṣẹ́ kí òun tó lọ. Òjò ọjọ́ yẹn kò tiẹ̀ wá láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá. Obìnrin Òyìnbó kan dúró tì mí, omi ń kán ní imú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ọjọ́ náà grand, ìyẹn ni pé ó dára. Kò sí ohun tí kì í ṣe grand lẹ́nu wọn. Tí ilé bá ń jó, wọ́n á ní grand, ara wa ń móoru. Mo wá rí ọmọ mi. Kọ́lá tí kì í gbóhùn sókè nílé, tí á béèrè iyọ̀ bí ẹni ń tọrọ àforíjì, ló ń sáré lẹ́bàá ìlà funfun, tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, tó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mofẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù pariwo pé tèmi ni, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ pariwo pé gbà á.

Oisín ló ń ṣọ́lé fún wọn, Conor sì wà níwájú rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni àwọn méjèèjì, wọ́n máa ń wá jẹ àkàrà nílé wa, wọ́n á máa sunkún ata, wọ́n á sì tún bù sí i. Bọ́ọ̀lù kan fò wá sí àárín wọn, kò yára, kò lágbára, ọmọ ọwọ́ lè dá a dúró. Oisín wo Conor. Conor wo Oisín. Conor na ọwọ́ bí ẹni ń sọ pé ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ kọjá. Bọ́ọ̀lù náà gba àárín wọn kọjá jẹ́jẹ́, ó wọ inú àwọ̀n bí ẹni ń wọ ilé bàbá rẹ̀.

Kọ́lá ṣí fìlà, ó là á mọ́ ẹrẹ̀. Ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀yin méjèèjì rí i, gbogbo wa rí i. Mo wo Fúnmi lábẹ́ agbòjò, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀rín ló bẹ́ lẹ́nu mi. Mo rín in débi pé ikọ́ gbé mi, obìnrin tó ń sọ grand rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tán, ó di àpò ọ̀rá, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó bọ̀ wá ilé tí kò sí ẹni tó ń pariwo pé tèmi ni.

Nígbà tí a délé, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kàn án. Èékánná ìyá mi ń ta mí lábẹ́ apá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú sàréè ló wà. Síbẹ̀, mo sọ ọ́.

“Kọ́lá, ìyàwó rẹ ò fẹ́ kó o lọ. Fúnmi, ọkọ rẹ ò fẹ́ lọ. Ọ̀sán kan náà lẹ sọ ọ́ fún mi, orí ẹ̀wà kan náà. Ẹ gbé àwo yín wá.”

Fúnmi yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ní, “O ò fẹ́ lọ?”

Kọ́lá ní, “Ṣebí ìwọ lo kó páálí wálé.”

“Ìwọ lo pè wọ́n ní England.”

“Torí páálí ni mo ṣe pè wọ́n.”

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìjà gidi, èyí tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé náà. Fúnmi ní kí ló dé tó ń pe òun ní ìyàwó tí kò bá lè bi òun. Kọ́lá ní òun wo ojú rẹ̀. Fúnmi ní ṣé ojú òun ní ẹnu. Wọ́n pariwo títí ọbẹ̀ fi dì, lẹ́yìn náà ni Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Kọ́lá dìde lọ bá a, èmi sì bu ẹran tó tóbi jù sínú àwo mi, torí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ mi. Mofẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ará Dublin rẹ̀ béèrè pé tí Dádì ò bá lọ mọ́, ṣé páálí ṣì jẹ́ tàwọn.

Ti England rọrùn. Orílẹ̀-èdè tó ti kó gbogbo ayé sábẹ́ rí, Kọ́lá pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé òun ò wá mọ́, wọ́n ní ó dùn wọ́n, ó parí. Ti Bàbá Ṣakí ló ṣòro. Báwo lèèyàn ṣe ń dá àmín padà? Ní ọjọ́ ìsinmi, Kọ́lá gbé fóònù sórí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí fóònù kò ti lè rí i. Àjà ilé nìkan ni Bàbá Ṣakí ń wò. Láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ pé àwọn ò lọ mọ́, sà, òun àti ìyàwó òun ti jọ sọ ọ́.  

Bàbá Ṣakí wá ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ?”

A wo ara wa. Kọ́lá ní ẹ gbàdúrà sí i, sà.

“Mo ní ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹ ti fi ọkàn lọ, ẹ ti bọ̀. Àdúrà mi gbà. Dìde nílẹ̀.” Mi ò mọ bó ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ ló wà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Ṣé o ti wá ríṣẹ́?”

Kọ́lá ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ìpàdé lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Oisín àti Conor ti di bàbá ọmọ, mo gbọ́ pé wọ́n máa ń pariwo. Àwọn mìíràn ti pe Kọ́lá lẹ́yìn ìgbà náà, láti Scotland, láti Cork, àmọ́ òun àti Fúnmi á kọ́kọ́ wọ ìdáná, àwọn àwo inú présì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kankan kò kọjá, èmi á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló délẹ̀. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Mo ti fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo ṣe ọjọ́ ìbí mi tó kọjá, wọ́n kó gbogbo ọmọ tí mo bí sórí fóònù, Kọ́lá lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn, èyí ọkùnrin ní Houston. Mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé kí ẹ tó gbé e wá bá mi ní ìdí ẹ̀wà. Mo ní èmi kì í ṣe páálí, kí wọ́n má kó ẹrù sí mi nínú mọ́. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá sì gba àdúrà tí ẹ ò fẹ́ sí yín lórí, ìbáà jẹ́ èmi fúnra mi, ẹ dákẹ́, Ọlọ́run ò ní bínú.

Láti Houston, láti Ìbàdàn, láti orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, “Àmín, Màámi.”

Mi ò sì gbàdúrà kankan.